Ata Méjìlá

Ìsọ̀ Ìyá Lamduan kò ní ilẹ̀kùn.
Tapólì búlúù ni òrùlé, okùn ni ògiri,
fáànù kan tí ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀ ń mirí lókè:
rárá, rárá, rárá,
bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó.
A jókòó. Àga rọ́bà pupa, kò ga ju orókún ọmọdé lọ,
ẹsẹ̀ wa yọ sójú títì Khon Kaen,
àwọn alùpùpù ń yà fún ìka ẹsẹ̀ wa.

Wichian kò tíì jáde jẹun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.
Iná àwọn dókítà jó kókó inú ọ̀fun rẹ̀ ráúráú,
ó sì kó ahọ́n mọ́ ọn lọ.
Ahọ́n ṣì wà níbẹ̀ o, ó ń rojọ́, ó ń bú mi bí ti àtijọ́,
adùn ni kò mọ̀ mọ́.
"Bébà ni gbogbo rẹ̀," ló wí.
"Bébà tútù. Bébà gbígbóná."

Ìyá Lamduan ti gbé ọmọ odó sókè.
"Ata mélòó?"
Mo ní méjì.
Wichian ní, "Méjìlá."
Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú sí mi:
"Ìwọ ni yóò sanwó ilé ìwòsàn?"
Ó sì kà á sínú odó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí i,
bí ẹni ń ka owó fún oníyèméjì.

Oúnjẹ dé.
Ìbẹ́pẹ àìpọ́n tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, tí odó ti nà títí ó fi gbọ́ràn,
adìyẹ tí èédú kọ nílà lẹ́yìn,
ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ìka nínú agbọ̀n ọparun.
Ó bu òkèlè, ó rún un lọ́wọ́, ó fi í sẹ́nu.
Ó ń jẹun bí ẹni ń wo lẹ́tà tí a kọ lédè tí kò gbọ́.
Ó wá ní, "Ó yá. Sọ ọ́ fún mi."
Kí ni kí n sọ?
"Bó ṣe rí lẹ́nu."

Mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, kò sì kí ará ilé.
Mo ní omi ẹja yẹn, odò Chi ni, lọ́jọ́ tí omi fà,
tí a jí àwọ̀n bàbá rẹ àgbà, tí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé wa.
Mo ní ṣúgà ọ̀pẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò fẹ́ kí a mọ òun,
bíi Phikun tó fẹ́ràn rẹ lọ́dún méjì tí kò sọ,
títí ó fi lọ fẹ́ aṣẹ́rọ.
Ó dákẹ́.
"Tún ṣúgà sọ."
Mo tún un sọ. Mo fi irọ́ díẹ̀ lé e.
Nígbà tó kan ẹ̀pà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi:
ẹ̀pà dùn bí ẹ̀pà.
"Ọ̀lẹ," ló pè mí.

Ìgbà náà ni ata dé.
Ata kò bá ahọ́n rẹ̀ sọ nǹkan kan, ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà.
Imú ṣàn, òógùn bò ó níwájú orí,
ó fọwọ́ lu tábìlì, abọ́ fò:
"Ó ta mí! Ó ta mí o!"
bí ẹni tí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀ nílùú òkèèrè.
Ọlọ́pàá tó ń mu ọbẹ̀ nídìí òpó gbójú sókè.
Ìyá Lamduan fi omi yìnyín sáré dé, èébú ló gbé e wá:
"Ṣé mi ò wí?"
Omi ń bọ́ lójú Wichian, kò nù ún.
"Ata ni," ló wí.
Mo ní ata ni.
Méjì péré ni tèmi. Èmi náà ní ata ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ sórí tapólì.
Ó na ọwọ́ sí agbọ̀n mi, ó bu òkèlè mìíràn.
"Padà sídìí ẹ̀pà," ló wí. "Ẹ̀pà yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn."